Kí ló ń mú àwọn èèyàn máa ṣe mod géèmù lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún gbọọrọ?

Àǹtí_Ẹ̀rẹ̀jà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa géèmù orí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní OAU, wọ́n gba ìsinmi ló fi wá sílé ní Iléṣà níbí, àtìgbà tó sì ti dé, tíná bá ti wà báyìí ìdí láptọ́ọ̀pù ló máa wà. Mo kọ́kọ́ rò pé géèmù ló ń gbá. Ìgbà tí mo jókòó tì í ni mo rí i pé kì í ṣe pé ó ń gbá a, ọ̀rọ̀ ló ń kọ sínú ẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn inú géèmù yẹn á máa sọ tí ẹni tó ń gbá a bá lọ bá wọn. Ó ní Morrowind ni wọ́n ń pe géèmù náà, pé 2002 ló jáde, pé àwọn kan káàkiri ayé ló kóra wọn jọ tí wọ́n ń fi ilẹ̀ kún ilẹ̀ tó wà nínú ẹ̀, Tamriel Rebuilt ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, mod ni wọ́n sì ń pe irú àfikún bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ni géèmù bá ṣe sí i, láti 2001 ni wọ́n sì ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n ń sanwó fún yín ni, ó ní rárá. Mo ní ṣé ẹ máa tà á tó bá parí, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní ìgbà wo ló wá máa parí, ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Mi ò bínú sí i o. Ọmọ tó mọ̀wé ni, ọmọ tó níwà ni. Èèyàn tó ń ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tàbí mọ́ṣáláṣí ẹ̀ tàbí fún ẹbí, ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni ti àwọn tí kò rí ara wọn rí, tí ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà ò rán wọn níṣẹ́, tí wọ́n wá ń fi ọjọ́ ayé wọn ṣe é, tí àwọn kan ń lọ tí àwọn kan ń dé tí iṣẹ́ náà ò sì dúró. Kí ló ń mú wọn dúró sídìí ẹ̀? Àbí wọ́n ń rẹ́ ọmọ wa jẹ ni? Ẹni tó bá mọ̀ kó ṣàlàyé fún mi dáadáa, bó ti wù kó gùn tó màá kà á.

Bọ̀dá_Lágéré:

Àǹtí mi, ẹ kú àníyàn àbúrò. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Lágéré ní Ifẹ̀ níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ sọ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti pé ó jẹ́ géèmù àtijọ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò ò lè gbé géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á gbóná, á pariwo, á kú. Morrowind á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun kejì tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé nínú Morrowind, ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tí àwọn èèyàn inú ẹ̀ ń sọ, kíkọ ni wọ́n kọ ọ́, ojú lẹ máa fi kà á. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, Oblivion ti 2006 àti Skyrim ti 2011, ohùn èèyàn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹyọ ẹnì kan péré kún un ẹ máa wá ẹni tó ní ohùn, ẹ máa wá ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa fi gbà á sílẹ̀, ẹ máa wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ò ti ní máa dún. Ti Morrowind, ẹni tó mọ ìwé kọ tó sì ní láptọ́ọ̀pù ti lè bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ Ẹ̀rẹ̀jà ló jókòó sí.

Bethesda ló ṣe é, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni. Irinṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn fi kọ́ ayé inú géèmù yẹn, Construction Set ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi sínú páálí pẹ̀lú ẹ̀ fún ẹni tó bá ra ti kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí? Wọn ò pọ̀. Erékùṣù kan tó ń jẹ́ Vvardenfell ni wọ́n kọ́ sínú ẹ̀, ìyókù ìpínlẹ̀ Morrowind tí ìtàn ń dárúkọ, tí àwọn èèyàn inú géèmù ń sọ pé ibẹ̀ làwọn ti wá, ẹ ò lè dé ibẹ̀. Àwọn Tamriel Rebuilt wá ní àwọn máa kọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, géèmù gan-an ò tíì jáde, gbogbo Tamriel ni wọ́n sì fẹ́ kọ́, ìyẹn odidi kọ́ńtínẹ́ǹtì tí ìpínlẹ̀ Morrowind wà nínú ẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹrù náà ti pọ̀ jù, wọ́n dúró sórí Morrowind nìkan, àwọn tó ń jẹ́ Project Tamriel gba àwọn ilẹ̀ tó kù, àwọn méjèèjì sì jọ ń lo àpò àwòrán àti nǹkan èlò kan náà. Àwọn mìíràn tún wà tó ń jẹ́ OpenMW, láti 2008 ni wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì géèmù náà kọ látìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kóòdù tó ń mú kí géèmù ṣiṣẹ́, kóòdù wọn wà ní gbangba, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni, òun ló jẹ́ kí Morrowind máa ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux dípò Windows.

Torí náà tí àbúrò yín bá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọmọ_Mayfair:

Ẹ ṣé bọ̀dá. Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi náà ń kàwé ní OAU, mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí géèmù mìíràn, ohun tí mo mọ̀ látinú ni mo máa sọ.

Ká ní wọ́n gbé odidi ìlú kan lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ ni, kò sẹ́ni tó máa parí ẹ̀, á sá lọ ni. Gígé ni wọ́n ń gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ àti òkè àti igi ọ̀tọ̀, inú ilé kọ̀ọ̀kan ọ̀tọ̀, àwọn tó ń gbé inú ilé ọ̀tọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n máa rán ẹni tó ń gbá a ọ̀tọ̀. Ní Tamriel Rebuilt, claim ni wọ́n ń pe ìpín tí o bá gbà, ó lè jẹ́ ilé apẹja kan ṣoṣo, yàrá kan, ibùsùn, ìkòkò, àwọ̀n tí wọ́n sá. O máa tò ó, o máa fi sílẹ̀, ẹlòmíì á wọ inú ẹ̀ lọ, á ní àga yìí ò kanlẹ̀, ó dúró sí afẹ́fẹ́, á ní kí ló dé tí apẹja tálákà fi ní abọ́ fàdákà. O máa lọ tún un ṣe. Ẹni tuntun gan-an kì í kàn já wọlé, á kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ ẹ̀ hàn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà, kí wọ́n tó fún un ní ìpín.

Àǹtí, ibi tí ó ti ń mú èèyàn nìyẹn o. Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ jù ọ́ lọ jókòó, ó ka ohun tí o kọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ibi tó dáa àti ibi tí ò dáa fún ọ, tí kò sì gba kọ́bọ̀. Níbo lẹ ti máa rí ìyẹn rà? Inú irú ẹgbẹ́ yìí ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lo git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí èèyàn bá ṣe sí kóòdù, inú ẹ̀ ni mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tí inú ń bí láìbá a jà, inú ẹ̀ ni mo ti kọ́ láti ka kóòdù tí ẹlòmíì kọ tó sì ti lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní torí ẹ̀kọ́ nìkan ni mo ṣe wà níbẹ̀, irọ́ ni. Ọjọ́ kan ni mo rí fídíò ẹnì kan, ará Brazil ni, ó ń rìn nínú yàrá tí mo tò, ó dúró níwájú àpótí kan tí mo gbé lẹ́tà pamọ́ sí, ó ṣí i, ó ka lẹ́tà yẹn sókè. Àǹtí, mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi fún yín.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í sọ. Èèyàn lè kúrò, kó sì padà. Ìdánwò dé, o pa á tì. O níyàwó, o bímọ, o pa á tì fún ọdún mẹ́ta, o padà dé, wọ́n á ní káàbọ̀, wo ohun tó kù. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ owó ni, wọ́n á ti lé ọ. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi gùn tó báyìí nìyẹn lójú tèmi, kì í ṣe pé àwọn kan dúró síbẹ̀ láti 2001 láì mira, wọ́n ṣètò ẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni tó bá lọ kò gbé e lọ.

Gémù_Sẹ́ńtà_Ìmọ̀:

Ẹ kú ìpàdé Àǹtí, ìlú kan náà la wà. Bọ́ọ̀lù ni tèmi, mi ò mọ ti Morrowind yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà síra.

Konami àti EA, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù, ò ṣe bọ́ọ̀lù tuntun fún PS2 àti PSP mọ́ láti 2013, PES 2014 àti FIFA 14 ló gbẹ̀yìn. Wọ́n kúrò níbẹ̀ torí ọjà wọn ti lọ síbòmíì, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ò kúrò níbẹ̀ torí ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ lọ gba fóònù ọmọkùnrin èyíkéyìí ní àdúgbò yín, PPSSPP máa wà lórí ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí géèmù PSP ṣiṣẹ́ lórí fóònù, òun gan-an lọ́fẹ̀ẹ́ ni, Henrik Rydgård ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2012, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba. Ẹ ṣí bọ́ọ̀lù orí ẹ̀, ẹ máa rí Osimhen, ẹ máa rí Lookman, pẹ̀lú jẹ́sì tó bá àsìkò mu. Ta ló fi wọ́n síbẹ̀? Àwọn ọmọ tó jókòó sílé ni o, tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ, jẹ́sì, irun, bàtà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá sì tún ti ṣí ọjà agbábọ́ọ̀lù lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kan wà ní àdúgbò mi tó fi àwọn ẹgbẹ́ líìgì ilé wa kún un. Àwọn oníbàárà mi rí Shooting Stars àti Enyimba nínú géèmù, ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì dúró wò wá. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó máa ṣe ìyẹn fún wa, torí kò sí owó níbẹ̀ fún wọn. Mo bi ọmọ yẹn pé kí ni mo máa fún ọ, ó ní kí n kàn má yọ orúkọ òun kúrò lójú ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n jù nìyẹn, kì í ṣe owó. Àwọn kan wà tó ń gba iṣẹ́ ọlọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á pa orúkọ ẹni tó ṣe é rẹ́, tí wọ́n á kọ tiwọn síbẹ̀, tí wọ́n á wá máa tà á lórí disk àti fílásì. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó ń ka èyí, jọ̀ọ́ jáwọ́. Mo ti rí ẹni tó tìtorí ẹ̀ pa iṣẹ́ tì pátápátá.

Ọmọ_Modákẹ́kẹ́:

Ẹ má bínú, apá kan wà tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Àǹtí béèrè bóyá wọ́n ń rẹ́ ọmọ jẹ, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn tààrà.

Ta ló ń jèrè? Títí dòní wọ́n ṣì ń ta Morrowind, ẹ sì ní láti ní géèmù gan-an kí mod tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ti fi ilẹ̀ tuntun kún un á lọ ra á, Bethesda ló máa gbowó yẹn, kì í ṣe ẹni tó tò ilé apẹja. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ o. Counter-Strike tí gbogbo ayé mọ̀, mod géèmù kan tó ń jẹ́ Half-Life ni, Minh Le àti Jess Cliffe ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1999, Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Half-Life, gbà á wọlé ní 2000. DotA, mod géèmù mìíràn tó ń jẹ́ Warcraft III ni, ó gba ọwọ́ àwọn mélòó kan kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń jẹ́ IceFrog, Valve gbà á síṣẹ́, Dota 2 jáde ní 2013. Àwọn tó ṣorí ire nìyẹn, orúkọ wọn ò sì pọ̀. Àwọn tó kù tó fi òru wọn ṣiṣẹ́, tí géèmù tà torí wọn, kí ni wọ́n rí? Mi ò ní kí àbúrò yín jáwọ́, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ mọ ohun tó ń ṣe bó ṣe fi irinṣẹ́ sínú páálí yẹn.

Bọ̀dá_Lágéré:

Ọmọ Modákẹ́kẹ́, òótọ́ lo sọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbìyànjú owó rí o, ó sì yẹ kí Àǹtí gbọ́ bó ṣe parí.

Oṣù kẹrin 2015, Valve tó ni Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti Bethesda ní kí àwọn tó ń ṣe mod Skyrim bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ìdá mẹ́rin owó ni, ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà á mú ọ̀kan, ìyẹn 25%, àwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì á pín ìyókù. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fagi lé e, wọ́n dá owó àwọn tó ti rà padà. Kì í ṣe pé àwọn tó ń gbá géèmù ò fẹ́ sanwó nìkan ló fà á o. Mod kan wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, ti ẹja pípa ni, ó fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹlòmíì ṣe sínú ara ẹ̀, ẹni yẹn ní òun ò yọ̀ǹda, wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò. Báwo lẹ ṣe máa pín in? Mod kan dúró lórí mod kejì, ìkejì dúró lórí ìkẹta, ẹni tó ṣe ìkẹta ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Nígbà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo wọn ń yá ara wọn ní nǹkan láìka ohunkóhun sí. Bí owó ṣe wọlé báyìí, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn.

Àwọn kan rí ọ̀nà mìíràn. Black Mesa, àwọn tó ń tún Half-Life kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2012, Valve wá gbà kí wọ́n máa tà á, wọ́n parí ẹ̀ ní 2020. Enderal, àwọn SureAI ní Jámánì ló ṣe é lórí Skyrim, 2016 ni wọ́n fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà ọ̀nà ò pin síbì kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ju ogún ọdún lọ, tí ọwọ́ tó kàn án pọ̀ tó yẹn, mi ò rò pé ó lè yè tó bá jẹ́ títà ni.

Bàbá_Ìlódè:

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, mo ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, mo mọ̀ ọ́n nílé wa. Ẹ wo eégún agbo ilé tí wọ́n ti ń gbé jáde láti ọdún pípẹ́, aṣọ orí aṣọ ni ẹ̀kú yẹn. Ẹnì kan fi ti ọdún yìí lé e, ọmọ ẹ̀ á fi ti ẹ̀yìnwá ọ̀la lé e, ìsàlẹ̀ pátápátá ibẹ̀ aṣọ kan wà tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó rán an mọ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ìgbà wo ni ẹ̀kú máa parí. Tó bá ti jáde tó yí po, tí aṣọ yẹn fẹ́, ẹni tó fi ẹyọ kan síbẹ̀ á máa wò ó láàárín èrò, ó mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́, ìbéèrè tìẹ náà dára, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ariwo bò ó. Kí àwọn ọmọ mọ ẹni tó ń jẹ èrè, kí wọ́n sì fi ojú sí ìwé wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́nì kan má sọ fún wọn pé ohun tí a ò san owó fún kì í ṣe iṣẹ́.

Àǹtí_Ẹ̀rẹ̀jà:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa o. Ọmọ Mayfair, o ṣé gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kó o yege.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àbúrò mi lálẹ́ àná, mo ní kó wá fi ìpín tiẹ̀ hàn mí. Ó gbé e wá. Obìnrin kan ni, ó ń ta gbòǹgbò igi àti àgbo létí odò. Bí ẹni tó ń gbá géèmù bá ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti ní báyìí ni iye ẹ̀. Mo ní àbúrò, ta ló ń tajà báyẹn? Mo wà lọ́jà Àtákúnmọ́sà lójoojúmọ́, oníbàárà dé, o máa kí i, o máa béèrè ilé, o máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀ bóyá ó rìn jìnnà, kó o tó mọ iye tó o máa pè. Ó dákẹ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. A jókòó tì í títí wọ́n fi mú iná lọ, ìyàwó yẹn ti wá ń bi àlejò pé ibo lo ti ń bọ̀ tí bàtà ẹ fi pupa tó báyìí. Ó máa fi ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní wọ́n lè ní kí òun gé e kúrú. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ibi bàtà.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ bi yín, Bọ̀dá Lágéré: láptọ́ọ̀pù yẹn máa ń kú lójijì tíná bá lọ, bátìrì ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Báwo ló ṣe máa tọ́jú iṣẹ́ náà kó má sọnù?

Bọ̀dá_Lágéré:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, inú mi dùn gan-an. Fáìlì irú iṣẹ́ yẹn kì í tóbi, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan kò ní jẹ dátà rárá. Kó máa tẹ save ní gbogbo ìgbà tó bá ti parí ẹnì kan, kó sì máa da fáìlì náà kọ sórí fílásì kan, kó tún fi ẹ̀dà kan sórí Google Drive. Kó má kọ ọ́ lé orí ti tẹ́lẹ̀ o, kó máa fi déètì sí orúkọ ẹ̀, torí tíná bá lọ níbi tó ti ń save lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè bàjẹ́, ti àná á ṣì wà. Tí wọ́n bá wọlé padà kó gbé láptọ́ọ̀pù náà wá sí Lágéré, màá wo bátìrì yẹn, màá sì gbọn eruku inú fáànù ẹ̀.